Láti Orí Ààtàn Dé Inú Sọ́kàwéè: Ìtàn Ìdọ̀tí Ilé Ìdáná ní Agbègbè Òṣogbo àti Ọ̀fàtẹ̀dó

1.0 ÌFÁÀRÀ

Àwọn òpìtàn ilẹ̀ Yorùbá ti kọ púpọ̀ nípa ogun, nípa oyè, nípa òwò àti nípa ẹ̀sìn. Díẹ̀ ni wọ́n kọ nípa ohun tí ará ilé ń dà nù lẹ́yìn oúnjẹ alẹ́. Bẹ́ẹ̀, kò sí ìlú tí kì í jẹun, kò sì sí ìlú tí ó ń jẹun tí kò ní èèpo, eérú, eegun àti omi àwo láti dà nù. Ọ̀nà tí ìlú kan ń gbà palẹ̀ ìdọ̀tí rẹ̀ mọ́ jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn ẹ̀rí tí ó ń fi hàn bí ìlú náà ṣe mọ ilẹ̀ rẹ̀ sí, bí ó ṣe mọ omi rẹ̀ sí, àti bí ó ṣe mọ àìsàn sí.

Ète bébà yìí ni láti tọ ipa ọ̀nà tí ìdọ̀tí ilé ìdáná gbà láti ayé àtijọ́ títí di òní ní agbègbè Òṣogbo, kí ó sì fi ìtàn náà dáhùn ìbéèrè kan tí ó dàbí ìbéèrè bíríkìlà lásán: ǹjẹ́ ó tọ́ kí ilé tí ó ń lo táńkì sẹ́pítíìkì àti sọ́kàwéè tún ní ẹ̀rọ tí ń lọ ìdọ̀tí oúnjẹ lábẹ́ síǹkì? Èrò tí bébà yìí gbé kalẹ̀ ni pé ọ̀nà méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni ìdọ̀tí ti ń gbà jáde kúrò nínú ilé Yorùbá, ọ̀nà ti ilé ìdáná àti ọ̀nà ti ìgbọ̀nsẹ̀; pé ìjọba amúnisìn pàápàá kò da ọ̀nà méjèèjì pọ̀; àti pé ẹ̀rọ yìí ni ó fẹ́ dà wọ́n pọ̀, ní ibi tí ilẹ̀ àti omi kò ti lè gbà á.

Ọ̀fàtẹ̀dó ni a fi ṣe àpẹẹrẹ. Orúkọ ìlú náà ti sọ ìtàn ìpilẹ̀ rẹ̀: àwọn ará Ọ̀fà ni ó tẹ̀ ẹ́ dó. Abẹ́ Ìjọba Ìbílẹ̀ Ẹgbẹ́dọrẹ ni ó wà, Àwo sì ni olú-ìlú ìjọba ìbílẹ̀ náà. Láti ìgbà tí wọ́n ti dá Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun sílẹ̀ ní ọjọ́ 27 oṣù kẹjọ 1991, tí Òṣogbo sì di olú-ìlú rẹ̀, ilé kíkọ́ ti kún àkúnwọ́sílẹ̀ láti Òṣogbo wọ ilẹ̀ Ọ̀fàtẹ̀dó. Oko àná ti di àdúgbò òní. Ṣùgbọ́n kò sí páìpù ẹ̀gbin abẹ́lẹ̀ tí gbogbo ìlú jọ ń lò. Olúkúlùkù onílé ni ó ń gbẹ́ ti ara rẹ̀.

2.0 ÀÀTÀN: ÈTÒ TÀBÍ ÀÌMỌ̀KAN?

Ní ìgbà tí agbo ilé ṣì jẹ́ ibùgbé gbogbo ẹbí, ẹ̀yìnkùlé tàbí ìkangun àdúgbò ni ààtàn máa ń wà. Lójú ọ̀pọ̀ aláṣẹ òkèèrè, àmì ọ̀bùn àti àìmọ̀kan ni. Bí ènìyàn bá tẹ̀lé ìdọ̀tí náà ní ẹsẹẹsẹ láti ìdí ààrò, yóò rí i pé ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀.

Kì í ṣe gbogbo ohun tí ó jáde láti ilé ìdáná ni ó ń dé orí ààtàn. Èèpo iṣu, èèpo ẹ̀gẹ́ àti èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀, ewúrẹ́ àti àgùntàn ni ó kọ́kọ́ ń pàdé wọn. Èérí tí ó kù nínú asẹ́ lẹ́yìn tí wọ́n bá sẹ́ ògì, oúnjẹ ẹran ọ̀sìn ni. Èyí tí ó bá dà sílẹ̀, adìẹ á ṣà á. Eérú kò sì ṣe é dà nù, nítorí omi eérú ni àwọn obìnrin fi ń ṣe ọṣẹ dúdú, òun náà ni wọ́n sì fi ń po aró. Ní Òṣogbo, ìlú aró, èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré. Omi ìfọwọ́ àti omi ìwẹ̀ ń ṣàn lọ sí ẹ̀yìn balùwẹ̀, níbi tí wọ́n sábà máa ń gbin ọ̀gẹ̀dẹ̀ sí kí ó lè máa mu ún.

Nítorí náà, ohun tí ó ń dé orí ààtàn gan-an ni ilẹ̀ gbígbá, ewé tí wọ́n fi dì ẹ̀kọ, èèpo tí ẹran kò jẹ, eegun àti àfọ́kù ìkòkò. Bí ó bá pẹ́ títí, yóò jẹrà, yóò di ilẹ̀ dúdú tí ó lọ́ràá, wọn yóò sì gbin ẹ̀fọ́, ata tàbí tábà sí i. Oko etílé kò lè ṣe láìsí ajílẹ̀ yìí. Ọ̀nà ti ilé ìdáná, nígbà náà, ọ̀nà àyípo ni: láti oko dé ààrò, láti ààrò dé ẹnu ẹran tàbí orí ààtàn, láti ibẹ̀ padà sí oko.

Ọ̀nà kejì ni ti ìgbọ̀nsẹ̀. Inú igbó ni àgbàlagbà ń lọ, ó sì yẹ kí ibẹ̀ jìnnà sí ilé, sí ọ̀nà àti sí odò tí wọ́n ti ń pọn omi mu. Ní ìlànà, ọ̀nà méjèèjì kò pàdé. Ní ìṣe, wọ́n máa ń pàdé nígbà mìíràn: orí ààtàn ni wọ́n ń da ìgbẹ́ ọmọdé sí, àgbàlagbà tí òru bá sì ká mọ́ ilé lè má jìnnà ju ibẹ̀ lọ. Eṣinṣin àti eku ń pọ̀ níbẹ̀. Ẹni tí ó bá ń yin ààtàn gbọ́dọ̀ sọ èyí pẹ̀lú. Ohun tí kò ṣe é jiyàn sí ni pé ètò ni, pé ó ní ọgbọ́n nínú, àti pé iye ènìyàn tí ó lè gbà ní òdiwọ̀n.

Àwọn awalẹ̀pìtàn mọ iyì ààtàn ju àwọn aláṣẹ lọ. Iṣẹ́ tí Akínwùmí Ògúndìran ṣe nínú Igbó Ọ̀ṣun ní Òṣogbo, àti èyí tí ó ti ṣe ṣáájú ní agbègbè Ìlàrè ní ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà, gbára lé ohun tí àwọn ará àtijọ́ dà nù: àfọ́kù ìkòkò, eegun ẹran, ìdàrọ́ irin. Bí kò bá sí ààtàn, púpọ̀ nínú ìtàn tí kò sí nínú ìwé ni ìbá ti ṣègbé.

3.0 WOLÉ-WOLÉ, DỌ́SÌBÍÌNÌ ÀTI AGBÉPÒÓ

Ní 1917 ni ìjọba amúnisìn ṣe Òfin Ìlera Gbogbogbò fún Nàìjíríà. Àrùn tí eku ń gbé kiri bẹ́ sílẹ̀ ní Èkó ní 1924, ó pa ọ̀pọ̀ ènìyàn, ó sì jẹ́ ọ̀kan nínú ohun tí ó mú kí ìjọba dá ìgbìmọ̀ tí yóò tún ìlú Èkó ṣe sílẹ̀ ní 1928. Láti ìgbà náà ni ìbẹ̀rù ààtàn ti wọ inú òfin. Ẹni tí ó sì mú òfin náà wọ inú agbo ilé ni wolé-wolé. Yóò yẹ ìkòkò omi wò bóyá tánwíjí wà níbẹ̀, yóò wo ilé ìdáná, yóò wo ẹ̀yìnkùlé, ẹni tí ó bá sì jẹ̀bi yóò gba ìwé ìpè sí kóòtù. Ìrántí rẹ̀ kò tíì kúrò lẹ́nu àwọn àgbà títí di òní.

Fún ìdọ̀tí ilé ìdáná, dọ́sìbíìnì àti ibi ìdalẹ̀sí tí ìjọba yàn ni òfin fẹ́. Fún ìgbọ̀nsẹ̀, ṣáláńgá ni ó pọ̀ ní àwọn ìlú àárín ilẹ̀. Ní Èkó àti ní àdúgbò àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba, póò ni, agbépòó sì ń wá gbé e ní òru. Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ẹni tí ó ṣu lè gbàgbé, ẹni tí ó kó o kò ní gbàgbé. Òwe yìí bá agbépòó mu wẹ́kú: òun ni ó mọ iye tí ìlú ń dà nù, òun náà ni ìlú kò sì fẹ́ kí ojú rí.

Kókó méjì ni ó yẹ ní àkíyèsí níbí. Èkínní, ìjọba amúnisìn kò da ọ̀nà méjèèjì pọ̀. Dọ́sìbíìnì lọ ní tirẹ̀, póò lọ ní tirẹ̀. Èkejì, ó gé òpin ọ̀nà méjèèjì kúrò. Ìdọ̀tí ilé ìdáná kò padà sí oko mọ́; ó di ohun tí wọ́n ń kó jọ, tí wọ́n ń sun tàbí tí wọ́n ń rì mọ́lẹ̀. Nígbà tí ìlú sì tóbi ju agbára ìjọba ìbílẹ̀ lọ, odò ni ó di ààtàn. Ẹ̀rí tí ó burú jù ni ti Ìbàdàn, níbi tí Odò Ògùnpa, tí ìdọ̀tí ti dí, ti kún bolẹ̀ ní ọjọ́ 31 oṣù kẹjọ 1980, tí ọ̀pọ̀ ẹ̀mí àti dúkìá sì bá a lọ. Ìjọba ológun tí ó gbàjọba ní òpin 1983 sọ ìmọ́tótó àyíká di ọ̀ranyàn nínú ètò Ogun Lòdì sí Ìwà Ìbàjẹ́, tí ọjọ́ Àbámẹ́ta tí ó kẹ́yìn oṣù fi di ọjọ́ gbálẹ̀-gbáta káàkiri. Ilẹ̀ ni wọ́n gbá. Ibi tí ilẹ̀ gbígbá ń lọ ni kò yí padà.

4.0 TÁŃKÌ SẸ́PÍTÍÌKÌ DÉ

Ilẹ̀ Faransé ni ìtàn táńkì yìí ti bẹ̀rẹ̀. Ní nǹkan bí 1860, Jean-Louis Mouras fi òkúta mọ táńkì kan sí ilé kékeré kan ní ìlú Vesoul, ó sì darí oríṣiríṣi ẹ̀gbin ilé sínú rẹ̀. Nígbà tí wọ́n ṣí i lẹ́yìn bí ọdún méjìlá, omi ni wọ́n bá níbẹ̀; ohun líle tí ó kù kò tó nǹkan. Ní 1881 ni ó gba ìwé ẹ̀tọ́ lórí rẹ̀. Ní ìlú Exeter ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Donald Cameron kọ́ irú rẹ̀ ní àárín àwọn ọdún 1890, òun ni ó sì sọ ọ́ ní orúkọ tí gbogbo ayé mọ̀ ọ́n sí.

Bí ó ṣe ń ṣiṣẹ́ kò díjú. Ẹ̀gbin wọ inú táńkì, ó sì dúró jẹ́ẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Ohun tí ó wúwo rì sí ìsàlẹ̀, ó di gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀. Epo àti ọ̀rá léfòó sókè. Omi tí ó wà láàrin ni ó ń ṣàn jáde lọ sí inú sọ́kàwéè, kòtò tí ilẹ̀ ti ń fa omi náà mu díẹ̀díẹ̀. Àwọn kòkòrò àìfojúrí tí kò nílò afẹ́fẹ́ ń jẹ gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ náà kù, ṣùgbọ́n wọn kì í jẹ ẹ́ tán; ìdí nìyí tí ọkọ̀ fi gbọ́dọ̀ wá fà á bí ọdún bá ti yí lu ọdún. Láàrin àwọn onílé, sọ́kàwéè ni orúkọ tí àpapọ̀ táńkì àti kòtò ń jẹ́.

Ní ilẹ̀ Yorùbá, àdúgbò àwọn òyìnbó àti ilé ìwòsàn ni ó kọ́kọ́ lò ó. Láti òpin àwọn ọdún 1950, nígbà tí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn bẹ̀rẹ̀ sí kọ́ ilé sí Bódìjà ní Ìbàdàn, ó di àmì ilé ọ̀làjú. Yunifásítì Ifẹ̀, tí ó kó dé Ilé-Ifẹ̀ ní 1967, tí orúkọ rẹ̀ sì di Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní 1987, gba ọ̀nà mìíràn: páìpù àjùmọ̀lò àti adágún tí oòrùn àti afẹ́fẹ́ ti ń wẹ omi ẹ̀gbin. Àwọn ìlú kò tẹ̀lé àpẹẹrẹ yìí. Sọ́kàwéè ni wọ́n tẹ̀lé, nítorí pé onílé kan lè dá a ṣe láìdúró de ìjọba.

5.0 Ẹ̀RỌ ÌLỌDỌ̀TÍ ÀTI ÌLÚ TÍ Ó BÍ I

Ẹ̀rọ ìlọta ti pẹ́ ní ilẹ̀ Yorùbá; ẹ̀rọ ìlọdọ̀tí ni àjèjì. John W. Hammes, ayàwòrán ilé ní ìlú Racine ní ìpínlẹ̀ Wisconsin, ni ó ṣe é ní 1927. Ní 1938 ni ó dá ilé-iṣẹ́ InSinkErator sílẹ̀ láti máa tà á. Wọ́n ń so ó mọ́ abẹ́ síǹkì. Iná mànàmáná ń yí i, omi ń ṣàn sí i, ìyókù oúnjẹ di lẹ́búlẹ́bú, ó sì bá omi lọ.

Ibi tí ó bá omi lọ ni kókó ọ̀rọ̀. Ìlú tí ó ní páìpù ẹ̀gbin abẹ́lẹ̀ àti ilé-iṣẹ́ tí ń wẹ omi ẹ̀gbin mọ́ ni ó bí ẹ̀rọ yìí. Ní 1950, ìlú Jasper ní ìpínlẹ̀ Indiana mú un lò káàkiri ilé kí kíkó ìdọ̀tí oúnjẹ ní ìta lè dópin. Àní ní irú ìlú bẹ́ẹ̀ pàápàá, iyàn wà: New York fòfin dè é fún ọ̀pọ̀ ọdún ní apá ibi tí páìpù òjò àti páìpù ẹ̀gbin ti jẹ́ ọ̀kan náà, títí di 1997, nítorí ìbẹ̀rù ohun tí yóò dà sínú odò bí òjò bá rọ̀. Fún ilé tí ó ń lo táńkì, ọ̀pọ̀ aláṣẹ ní Amẹ́ríkà béèrè pé kí táńkì náà tóbi ju ti ẹlòmíràn lọ, àjọ tí ń dáàbò bo àyíká ní orílẹ̀-èdè náà sì ń gba onílé níyànjú láti dín lílo ẹ̀rọ yìí kù tàbí kí ó má lò ó rárá.

Ẹnìkan lè fi Mouras jiyàn. Bí táńkì àkọ́kọ́ bá gba oríṣiríṣi ẹ̀gbin ilé, kí ni ó dé tí ti òní kò fi lè gbà á? Ìdáhùn ni pé táńkì kò kọ oúnjẹ. Ọ̀rọ̀ ìwọ̀n àti àkókò ni. Oúnjẹ tí ènìyàn ti jẹ, ikùn ti bá táńkì ṣe lára iṣẹ́ náà. Èèpo tí ẹ̀rọ lọ̀, ikùn kan kò fọwọ́ kàn án. Gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ yóò tètè ga, ọ̀rá orí omi yóò nípọn, àyè tí ó yẹ kí omi ti sinmi yóò sì dín kù. Lẹ́búlẹ́bú tí kò tètè rì yóò bá omi jáde lọ sí sọ́kàwéè, yóò dí ojú ihò ilẹ̀, ilẹ̀ kò sì ní fa omi mọ́. Táńkì ṣe é fà. Ilẹ̀ tí ó ti dí kò ṣe é fà. Onílé yóò gbẹ́ kòtò mìíràn bí ó bá ní àyè.

Oúnjẹ ilẹ̀ Yorùbá tún mú kí ọ̀rọ̀ náà le sí i. Ó lé ní ìdajì ìdọ̀tí ọ̀pọ̀ ìlú Nàìjíríà tí ó jẹ́ ohun tí ó lè jẹrà. Èèpo iṣu àti ti ọ̀gẹ̀dẹ̀ ní fọ́nrán, ọbẹ̀ ní epo pupa, ẹran ní eegun. Ìdílé tí ó ń gún iyán ní ẹ̀ẹ̀mejì ní ọ̀sẹ̀ ń bó èèpo tí ó pọ̀ ju èyí tí Hammes ní lọ́kàn lọ.

6.0 KÀNGA ÀTI SỌ́KÀWÉÈ LÓRÍ PÚLỌ́Ọ̀TÌ KAN

Ohun tí ó wà nínú ewu kì í ṣe owó onílé nìkan. Abẹ́ ilẹ̀ agbègbè Òṣogbo àti ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà jẹ́ àpáta àtijọ́. Omi kò sí nínú àpáta náà púpọ̀. Inú ilẹ̀ rírọ̀ tí ó bò ó, àti inú àwọn ìlà tí ó sán, ni ó wà. Kànga tí wọ́n fi ọwọ́ gbẹ́ kì í sì í jìn púpọ̀ kí ó tó kan omi. Ní àkókò òjò, omi abẹ́ ilẹ̀ a gòkè wá sí ìtòsí ojú ilẹ̀, sọ́kàwéè kò sì ní ibi tí yóò da omi rẹ̀ sí ju ibi tí kànga ti ń mu lọ.

Ìwé ìlànà Sphere, tí àwọn àjọ aṣèrànwọ́ lágbàáyé ń tẹ̀lé, sọ pé kí sọ́kàwéè àti ṣáláńgá jìnnà sí orísun omi abẹ́ ilẹ̀ ní mítà 30 ó kéré tán. Mítà 30 fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ẹsẹ̀ bàtà 100. Púlọ́ọ̀tì tí wọ́n ń tà káàkiri jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 50 sí 100, tàbí 60 sí 120. Bí ènìyàn bá fi okùn wọn ti àkọ́kọ́ láti igun kan dé igun tí ó dojú kọ ọ́, yóò rí nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 112. Ti èkejì yóò jẹ́ nǹkan bí 134. Ìyẹn ni pé onílé lè pa òfin náà mọ́ bí kànga rẹ̀ bá wà ní igun kan, tí sọ́kàwéè rẹ̀ sì wà ní igun òdìkejì, ṣùgbọ́n igun òdìkejì náà ni ó ṣeé ṣe kí kànga aládùúgbò wà. Ẹni tí ó ra ìdajì púlọ́ọ̀tì kò lè pa á mọ́ rárá.

Ìrírí ti fi hàn pé èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ inú ìwé lásán. Onígbáméjì wọ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ní 1970, ó sì pa ọ̀pọ̀ ènìyàn ní Nàìjíríà ní 1971. Omi àti oúnjẹ tí ẹ̀gbin kàn ni ó ń gbà wọlé. Lẹ́yìn èyí, ohun kan wà tí omi sísè kò lè wò sàn: sísè ń pa kòkòrò, ṣùgbọ́n kò mú nitrate kúrò nínú omi. Nitrate yìí, tí ó máa ń ti inú sọ́kàwéè wọ kànga, léwu fún ìkókó. Bí ẹrù tí ilé kan dì lé ilẹ̀ bá ṣe pọ̀ tó ni ewu náà ṣe ń pọ̀ tó. Nítorí náà, ẹni tí ó so ẹ̀rọ ìlọdọ̀tí mọ́ síǹkì rẹ̀ ní Ọ̀fàtẹ̀dó kò dá ìpinnu náà ṣe fún ara rẹ̀ nìkan. Ó ṣe é fún kànga aládùúgbò pẹ̀lú. Ní ayé ààtàn, ìdọ̀tí ẹnìkan hàn sí gbogbo agbo ilé, wọ́n sì lè bá a wí. Ní ayé sọ́kàwéè, abẹ́ ilẹ̀ ni ẹ̀ṣẹ̀ náà wà, kò sì sí ẹni tí ó rí i.

7.0 ÌKÁDÌÍ

Ìtàn tí bébà yìí tọ̀ fi hàn pé ìbéèrè onísíǹkì náà ní ìdáhùn kí ẹ̀rọ náà tó dé. Ìyapa tí ó wà láàrin ọ̀nà ti ilé ìdáná àti ọ̀nà ti ìgbọ̀nsẹ̀ kì í ṣe èèṣì. Ìmọ̀ ni, ìjọba amúnisìn sì bá a lórí ilẹ̀ kí ó tó ṣe òfin tirẹ̀. Èyí tí ìjọba náà pa run ni àyípo tí ó ń dá èèpo padà sí oko.

Kì í ṣe pé kí wọ́n dá ààtàn eléku padà sí ẹ̀yìnkùlé. Ìlú ti tóbi ju ìyẹn lọ. Ṣùgbọ́n ìlànà àyípo náà ṣì wúlò. Ní Bódìjà ní Ìbàdàn, ilé-iṣẹ́ ajílẹ̀ Pacesetter, tí àwọn onímọ̀ Yunifásítì Ìbàdàn ní ọwọ́ nínú ìdásílẹ̀ rẹ̀, fi ìdọ̀tí ọjà àti ìgbẹ́ màlúù ṣe ajílẹ̀ fún àgbẹ̀. Ohun tí ìyá àgbà ń ṣe ní ẹ̀yìnkùlé ni wọ́n fi ẹ̀rọ ṣe ní ọ̀pọ̀. Ọ̀fàtẹ̀dó kò tíì jìnnà sí oko tirẹ̀. Kòtò ajílẹ̀ tí ó ní ìdérí, ewúrẹ́ aládùúgbò, àti korobá kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ síǹkì kò ná onílé tó ẹ̀rọ kan, wọn kò sì béèrè iná tàbí omi. Sọ́kàwéè yóò pẹ́ sí i, omi kànga yóò mọ́ sí i, èèpo iṣu yóò sì padà sí ibi tí iṣu ti wá.